Ohun Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ilẹ̀

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yìí náà ni.
Mo fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ilẹ̀ náà:
"Ilẹ̀ òfìfo. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."
Mo lu òǹtẹ̀, mo mu tíì, mo lọ sílé.

N kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí nígbà náà.
Láti ọ́fíìsì wa ní Jaisalmer,
aṣálẹ̀ Thar kò ju àwọ̀ ìyeyè lójú máàpù lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rán mi lọ ka igi.
Pempo, ìyá àgbà nínú àwọn Raika, ló gbà mí lálejò,
ẹ̀gbà funfun kún apá rẹ̀ dé èjìká,
ràkúnmí mọ́kànlá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.
"Ṣé ìwọ ni akọ̀wé ọ̀hún?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kò bú mi. Ó bu omi fún mi ni.

Omi náà wá láti inú kànga
tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò lọ,
níbi tí òjò ọdún tó kọjá sá pamọ́ sí lábẹ́ iyanrìn.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rọ̀ lọ́dún náà, ó ní,
ó yà bí àna tó ń kánjú, kò jókòó;
ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ ìwà rẹ̀,
ó ti tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ dè é.

A wọ igbó tí wọ́n ń pè ní oran,
níbi tí àáké kò wọ̀ rí láti ìwáṣẹ̀.
Bàtà ló kọ́kọ́ ní kí n bọ́.
"Rọra tẹ ẹ́. Ilẹ̀ yìí ní awọ."
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: lóòótọ́, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo iyanrìn,
ó dúdú díẹ̀, ó le bí èépá ojú egbò,
ẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò rí ló hun ún pọ̀
kí afẹ́fẹ́ má baà kó ilẹ̀ lọ.
Ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan là á kọjá.
Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án, Pempo wí.
Kò tíì jinná.

Igi khejri dúró nínú ọ̀gbẹlẹ̀
bí ẹni tó ti jẹun kó tó kúrò nílé;
gbòǹgbò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ omi tí àwa kò mọ orúkọ rẹ̀.
Lọ́dún ìyàn, èso rẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sè jẹ.
Abẹ́ òjìji ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n bí Pempo sí.
Mo kà wọ́n títí mo fi ṣì í kà,
mo tún bẹ̀rẹ̀.

Níhà ìlà-oòrùn, kò sí ohun tí mo lè kà mọ́.
Dígí ló dúró dípò igi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún,
gbogbo wọn kọjú sí oòrùn bí òṣìṣẹ́ tó ń retí owó oṣù.
N kò bá iná mọ̀nàmọ́ná jà o.
Fáànù ló ń fẹ́ mi bí mo ti ń kọ èyí.
Ìlú ńlá ń fẹ́ iná tí kò ní èéfín, mo gbà;
ta ló wá sọ pé àáké kò ní èéfín tirẹ̀?

Lábẹ́ wáyà ńlá la ti bá ẹyẹ godawan,
ẹyẹ gíga, ẹlẹ́sẹ̀ jẹ̀lẹ́ńkẹ́,
tó ń yé ẹyin kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ gbalasa.
Bó bá ń fò, kì í rí iwájú dáadáa.
Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Èèrà ti dé.
Jhamku, ọmọ-ọmọ Pempo, ọmọ ọdún méje,
ṣa ìyẹ́ kan, ó nà án sí mi:
"Ṣé èyí náà wà nínú ìwé yín?"

Mo padà dé ọ́fíìsì, mo ṣí ìwé náà.
Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé
kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ.
Mo kọ "awọ". Mo kọ "omi tó sá pamọ́".
Ààyè tán.
Mo fi ìyẹ́ náà lé orí òǹtẹ̀ mi àtijọ́,
mo pa ìwé dé.

Kò pa dé dáadáa mọ́.